Ikùn Ń Yọ, Apá Ń Gbẹ

9.

…nítorí náà ó fi ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá kún un, ó sì fi okùn tuntun sín in. Lágídígba tí ìyá ọkọ rẹ̀ so mọ́ ọn nídìí lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ kò yí i ká mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí Victorine ń fi kún un láàárín ọdún mẹ́ta.

Ó wo ikùn rẹ̀. Ó wo apá rẹ̀, tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ọkọ́. Ibo ni ẹran ibẹ̀ gbà lọ?

(A ń kà á sẹ́yìn. Ẹ má bínú. Ohun tó bá ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á.)

8.

Ohun tí Victorine, opó Ògúntádé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ń ṣe lójúmọ́ ní Idigny:

ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wákàtí kan

ó ń roko àgbàdo

ó ń fa ẹ̀gẹ́ tu

ó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ wálé, wákàtí kan àti ààbọ̀, nítorí ẹrù

ó ń bẹ ẹ̀gẹ́

ó ń sọ pé «ó rẹ̀ mí», kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́

7.

Òfin ọ̀nà oko: ẹni tó ń dá rìn kì í sọ ẹrù. Bó o bá sọ ọ́, ta ni yóò gbé e rù ọ́?

Ogójì ọdún ni òun àti Léontine ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jọ ń rìn. Bí wọ́n bá dé ìdí igi máńgòrò tó wà láàárín méjì ọ̀nà, wọn á sọ ẹrù, wọn á mumi, wọn á bú àwọn ọkọ wọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀kan á gbé e ru èkejì. Ta ló wá ń gbé e ru ẹni tó gbẹ̀yìn? Léontine máa ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, á sì na ọwọ́ kan. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn.

Ọmọ Léontine ti wá mú un lọ sí Kétu. Ó ní ìyá òun ti ṣiṣẹ́ tó.

Láti ìgbà náà, Victorine kì í dúró nídìí máńgòrò mọ́.

6.

OHÙN TÍ RODOLPHE ỌMỌ RẸ̀ FI RÁNṢẸ́ LÁTI KÙTỌNÙ

«Màmá, ẹ kú ọdún o. Mo rí fótò yín. Háà, ẹ ti sanra! Ẹ̀yin lẹ ní kí Parfait, tí kì í ṣe ara ilé wa, máa bá yín ro oko, kẹ́ ẹ sinmi. Kí ló dé? Oko bàbá wa mà ni. Bí dókítà bá kọ ọ́ síwèé pé ara yín kò gbé e mọ́, màá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ kì í sanra, màmá.»

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọdún méjì rèé tí Rodolphe kò wá fojú kan ìyá rẹ̀.

5.

ÌKÉDE

Gbogbo ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún: ẹ wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́rú. A óò wọn ìbàdí yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò gba ìwé.

Ìwé! Inú Victorine dùn débi pé ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

4.

CHÉRIFATOU, NỌ́Ọ̀SÌ: Màmá, ẹ bá mi tú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn.

VICTORINE: Èyí? Kò tú lójú àlejò rí. Wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀.

CHÉRIFATOU: Á fi kún un o.

VICTORINE: Kó fi kún un.

CHÉRIFATOU: Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Kò yẹ kó kọjá méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ọ̀rá ti pọ̀ níkùn yín, màmá. Ẹ máa rìn.

VICTORINE: Kí n máa kí ni?

CHÉRIFATOU: Kẹ́ ẹ máa rìn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́.

VICTORINE: Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi wá síbí.

CHÉRIFATOU: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀.

VICTORINE: Wọn apá mi náà.

CHÉRIFATOU: Kò sáàyè apá nínú ìwé, màmá.

3.

Orúkọ: Victorine

Ìbàdí: 96

Ìmọ̀ràn: KÓ MÁA RÌN

2.

Ó dá ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́bi. Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tú lágídígba tó ti wà nídìí rẹ̀ fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó padà lọ bá Chérifatou. Ó ní kó tún ìbàdí òun wọ̀n.

Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ọ̀rá ni, lóòótọ́. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà náà ni Chérifatou di apá rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yí i ká tán. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sétí ìwé, níbi tí kò sí ìlà: *Apá: 22. Ó ti ń gbẹ. Kó má ru ẹrù mọ́.*

Victorine ya fótò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí Kùtọnù.

Èsì dé ní ọ̀sán:

«Mo rí i, màmá. KÓ MÁA RÌN. Ẹ ò rí i pé oko ń ṣe yín lóore?»

Kò ka etí ìwé.

1.

Ìdí máńgòrò. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Kò sẹ́ni níwájú, kò sẹ́ni lẹ́yìn.

Victorine sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ó jókòó tì í.