Ọtí Nínú Orí Tamahou

"Ta nìyí?"

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Hūria gbé ife amọ̀ kan sí, láàárín èérún igi. Kò gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun.

Pāora dáwọ́ igi tó ń gbẹ́ dúró. Ó mọ ojú tó wà lára ife náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ìlà mẹ́rin tó wà níwájú orí, imú tó tẹ̀ sápá kan. Tamahou ni, bàbá àgbà rẹ̀, bàbá tó bí Hūria. Wọ́n ti sọ inú orí rẹ̀ di ihò kí ọtí lè gbà síbẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i, Àǹtí?"

"Ilé ọtí Dunstan. Ọmọge kan ń fi sitirọ́ọ̀ fa ọtí ọ̀pẹ̀yìnbó nínú orí bàbá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló gbé ojú bàbá mi fún wọn?"

Pāora kò lè purọ́. Lọ́dún tó kọjá, Dunstan ní kó gbẹ́ òpó tiki kan, ère olójú èèyàn, sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí òun, ojú tó bá ti wù ú. Ojú ń kán an, ojú kan ṣoṣo tó sì mọ̀ sórí ni ti fọ́tò tó wà nínú ilé ìpàdé ìran wa. Ó rò pé òpó náà ni gbogbo rẹ̀ máa mọ; kò mọ̀ pé Dunstan máa fi ojú náà ṣe ife ọtí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí oúnjẹ kan orí èèyàn, ká má wá sọ ti baba ńlá ẹni. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbà agbẹ́gilére ló wá gbàgbé.

"Òpó Tamahou tí ò ń gbẹ́ fún ilé ìpàdé tuntun," Hūria ní, "má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ojú bàbá mi á fi kúrò níbẹ̀. Tó bá di Sátidé tí kò kúrò, Tūroa tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni màá gbé e fún."

Ogún ọdún ni Pāora ti ń retí àtigbẹ́ òpó náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Dunstan níbi tó ti ń to ife sórí pákó. Bí ogójì Tamahou ló kọjú sí i.

"Ife tiki ni, ọ̀rẹ́ mi," Dunstan ní. "Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń mutí báyìí ní Amẹ́ríkà. Ọparun lára ògiri, àkẹtẹ̀ lórí, òdòdó lọ́rùn. Ta ló sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Tiki ni ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Orúkọ ẹ̀ la fi ń pe ère, torí ẹni tó bí wa ni ère. Èyí tìrẹ yìí sì lórúkọ. Bàbá àgbà mi ni."

"Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá, bàbá tèmi náà nìyẹn. Ṣé ọmọ ò lè bá bàbá ẹ̀ mutí ni?" Àwọn tó ń fọ abọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Wá gbẹ́ èkejì. Gbẹ́ àǹtí ẹ. Ojú ẹ̀ le, ọtí kíkorò la máa rọ sí i."

Pāora jáde lọ mú àáké nínú ọkọ̀ rẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ gé kúrò lára òpó ẹnu ọ̀nà, ó gé ojú, ó gé ìlà. Àwọn oníbàárà yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀.

"Máa gé e lọ," Dunstan ní. "Ife ṣì kún páálí."

Nígbà tó dé ilé ìpàdé, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. "Mo ti mú ojú náà kúrò, Àǹtí."

"Kí lo fi mú un kúrò?"

"Àáké."

Hūria ní, "Ṣe là ń hú òpó, ká faṣọ bò ó, ká sunkún, ká sin ín. Ọ̀tá là ń gé lójú. Wọ́n mutí nínú orí bàbá mi, ìwọ wá gé imú ẹ̀ kí àwọn ọ̀mùtí lè rí nǹkan wò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Pāora."

Ó bu omi sí i lọ́wọ́, bí a ṣe ń ṣe fẹ́ni tó ti itẹ́ òkú bọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Tūroa.

Tūroa kò lè wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Pāora kó irin ìgbẹ́gi rẹ̀ lé e lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìlà kẹta," ó ní, ó na ọwọ́ sí iwájú orí òpó Tamahou, "kì í lọ tààrà."

"Má fọwọ́ kàn án," Hūria ní.

Pāora ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi náà. Inú afẹ́fẹ́ ló ti fi ìka fa ìlà náà, lẹ́ẹ̀mejì, títí Tūroa fi mi orí pé òun ti mọ̀ ọ́n.