Láfún Tí A Fẹ́ Fi Lẹ Pósítà Ààrẹ

Ẹ má bi mí ẹni tí mo fẹ́ dìbò fún. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àdúrà ni mò ń gbà ní tèmi, àdúrà náà sì ń tì mí lójú. Láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, màá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí Ààrẹ yìí tún wọlé. Láti ìgbà tó ti dé, a ò ra ìrẹsì ní àpò mọ́. Kóńgò la ń rà, kóńgò náà sì ti di ife. Ẹni tó fi ebi pa mí ni mò ń ṣojú fún lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Nítorí maṣíìnì ìtẹ̀wé wa ni, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gbà á là.

Ṣọ́mólú ni èmi àti ọkọ mi, Àkànó, ti ń tẹ̀wé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Maṣíìnì kan ṣoṣo la ní, òun la fi tọ́ Níní ọmọ wa dé ilé ọkọ. Nígbà tí nǹkan ṣì dára, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ kì í tán nílẹ̀. Nísinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó, òkú gan-an, ìwé pélébé kan ni wọ́n fi ń sin ín. Bébà wọ́n, íǹkì wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Àkànó bá lọ bá Ikúmápàyí, ọkùnrin kan tó máa ń ra maṣíìnì lọ́wọ́ àwọn tí agara ti dá, pé bí iṣẹ́ kankan ò bá yọ, kó wá gbé tiwa lọ́jọ́ Sátidé. Àkànó ní òun á padà sílé lọ dáko.

Mo ní, "Bàbá Níní, ọjọ́ wo lẹ gbé ọkọ́ rí?"

Ó ní, "Ebi á kọ́ mi."

Láti ìgbà tí mo ti mọ Àkànó, ìdí maṣíìnì yẹn ló máa ń dúró sí. Bí mo bá pè é kó wá jẹun, kò ní gbọ́, màá bú maṣíìnì, màá tún pè é. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ, wọ́n á mú nǹkan kan lára ọkọ mi lọ tí n ò ní rí dá padà. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé ni Alàájì Hashim wọlé wá. Òun ni alága ẹgbẹ́ Ààrẹ ní àdúgbò kan ní Bàrígà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, èèyàn jẹ́jẹ́ ni tí a bá yọ ti òṣèlú kúrò. Ó fẹ́ pósítà Ààrẹ kíákíá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Erékùṣù ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fẹ́ wa ọkọ̀ kọjá láti Abúlé Òkúta dé etí ọ̀sà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i bóyá Ààrẹ ṣì ní èèyàn níbẹ̀. Bí ohun tí wọ́n rí bá dùn mọ́ wọn, gbogbo iṣẹ́ ìtẹ̀wé títí di ọjọ́ ìbò, tiwa ni.

Mo wo Àkànó. Àkànó ń wo maṣíìnì.

"Bébà ńkọ́, Alàájì?" ni mo bi í. "Owó tí ẹ mú wá yìí ò lè ra bébà."

Ó ní ohun tí ẹgbẹ́ kó fún òun nìyẹn.

Ìgbà náà ni Àkànó rántí ẹrù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà ìbò tó kọjá, a tẹ pósítà Ààrẹ yìí kan náà, ó ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó wá kó o. Ní Ṣọ́mólú, a kì í ju bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì mọ́ nù. Ní iwájú rẹ̀, Ààrẹ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: KÒ NÍ SÍ ILÉ TÍ YÓÒ SÙN LÉBI MỌ́. Èyí tuntun tí Alàájì mú wá ní tirẹ̀ sọ pé: Ẹ NÍ SÙÚRÙ DÍẸ̀ SÍ I.

Alàájì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ara ògiri ni èyí àtijọ́ máa kọjú sí," ó ní. "Ta ló fẹ́ yí ògiri wò?" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Níní, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n á dìbò fún wa?"

Mo fẹ́ sọ pé òkò ni wọ́n máa sọ lù yín. Maṣíìnì ni mo rò. Mo ní, "Wọ́n á dìbò, Alàájì." Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

A tẹ ti tuntun sí ẹ̀yìn ti àtijọ́. Àkànó ń kọrin nídìí maṣíìnì, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ku ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo wá Lazarus, apẹja kan ní etí ọ̀sà Bàrígà tí kò rí epo rà sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, tó wá ń ṣe iṣẹ́ yòówù tó bá yọ. Gọ́ọ̀mù ti di ohun ọlọ́lá, nítorí náà mo kó láfún tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé fún un. Ẹni tó bá ti lẹ pósítà rí mọ̀ pé kò sí ohun tó ń di bébà mú bíi láfún tí a rò sínú omi gbígbóná.

Mo ní, "Lazarus, rò ó kó ki o."

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ààrẹ kún ara ògiri Bàrígà, ó sì rẹwà lójú mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn mú, atẹ́gùn ọ̀sà dé, Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Obìnrin kan tó pọn ọmọ he ọ̀kan, ó yí i padà, ó sì kà á sókè: "Kò ní sí ilé tí yóò sùn lébi mọ́." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Àwọn mìíràn ń he tiwọn. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi máa yọ, wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n kọ ojú àtijọ́ yẹn síta, wọ́n gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó sọ òkò. Wọ́n kàn gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yí gíláàsì ọkọ̀ wọn sókè, wọ́n kọjá.

Mo lọ bá Lazarus ní etí ọ̀sà. Ó jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í lọ sódò mọ́. Mo ti to èébú sílẹ̀ láti ọ̀nà.

"Lazarus, kí lo fi lẹ̀ ẹ́? Itọ́?"

Ó wolẹ̀. "Omi tí mo fi fọ ìkòkò ni, mà."

"Láfún mi dà?"

Ó ní òun gbé e kaná, òun rò ó kó ki bí mo ṣe wí. Àwọn ọmọ òun rí èéfín, èéfín kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ nílé àwọn. Kí òun tó mọ̀, wọ́n ti to àwo yí ìkòkò ká. Wọn ò tọrọ, wọ́n kàn jókòó.

"Mi ò lè dà á sí garawa lójú wọn, mà," ó ní. "Iyọ̀ àti ata ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ níbẹ̀."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo mọ òwe náà, síbẹ̀ inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yọjú, láfún ti gbẹ mọ́ ọn létí ẹnu. Mo yí padà, mo lọ.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Alàájì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú pósítà kan lọ́wọ́, òógùn ti rẹ aṣọ rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ bú òun bí ẹni bú ọmọ ọ̀dọ̀.

"Mo sọ fún wọn pé àwọn alátakò ló ra ẹni tó lẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ìyá Níní, ẹ fún mi lórúkọ rẹ̀. Bí mo bá fà á lé wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ yín ò ní bọ́. Wọ́n á fún yín ní bébà tuntun pàápàá."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn ọmọ wa kàn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni."

Mo mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ ọ́ rí, ọsibítù Igbóbì ni wọ́n ti bá a to egungun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àkànó ń wò mí. Ó mọ̀ pé Lazarus ni. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí nítorí maṣíìnì, ọkùnrin tí kò bẹ̀ mí rí láyé rẹ̀. Orúkọ náà sì wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, "Èmi ni mo ro láfún náà, Alàájì. Mi ò rò ó kó ki."

"Ìyá Níní."

"Èmi ni."

Ó gbé pósítà náà lé orí maṣíìnì, ó jáde, iṣẹ́ náà bá a lọ. Àkànó mú pósítà náà kúrò lórí rẹ̀. "Ìwọ tí o ti ń ro láfún láti kékeré," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ikúmápàyí dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti àwọn alábàárù. Lazarus wà láàárín wọn. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n pè é sí, kò mọ ilé ẹni tí wọ́n ń lọ. Ó rí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òṣùká rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ní, "Ṣé wọ́n yó?"

"Àwọn wo, mà?"

"Àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn."

"Wọ́n yó, mà. Wọ́n sùn fọnfọn."

Pósítà yẹn mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ nígbà náà, ní ilé kan ṣoṣo. Mo kó èyí tó ṣẹ́kù fún un kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ maṣíìnì má bàa họ. Ó di maṣíìnì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tó kù dì í mú, wọ́n gbé e jáde.

Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Àkànó lọ dúró níbẹ̀, níbi tó máa ń dúró sí. Mo pè é kó wá mu omi. Kò gbọ́. Mo tún pè é. Tẹ́lẹ̀, maṣíìnì ni ǹ bá bú.