Wọ́n Ti Gbà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Wọ́ọ̀dù ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, dókítà kankan kò sì pè é rí pé kó wá tún ohun tó kọ sínú fáìlì kọ. Bó bá ti dé fìlà funfun rẹ̀, tó ń gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá, ẹni tó ń kérora pàápàá á tún ìrọ̀rí ara rẹ̀ tò. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó gbéra ga. Kò bá wọn jiyàn. Á ní, "Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ máa tẹrí ba fún?"

Láyé ìgbà náà, ẹnu ni nọ́ọ̀sì tó ń relé fi ń jábọ̀ fún èyí tó ń wọṣẹ́, ohun tí etí bá sì gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú dúró ti tábìlì, oorun ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ó ń ka aláìsàn sílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì-bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá Aránṣọ, bẹ́ẹ̀dì keje. Iṣẹ́ abẹ ní aago mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, gígé nísàlẹ̀ orúnkún."

"Wọ́n ti gbà?"

"Wọ́n ti gbà, Mà. Wọ́n ti buwọ́ lùwé láti ìrọ̀lẹ́ àná."

Ìyá Wọ́ọ̀dù fa fáìlì sọ́dọ̀, ó kọ ọ́ gbọọrọ: *Aláìsàn ti gbà.*

Màmá Aránṣọ yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àtọ̀gbẹ ló sọ egbò kékeré tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ di ohun tó dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹnu rẹ̀ mú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó fa apá kóòtù dókítà mọ́ra, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó ní, "Ta ló rán èyí fún yín? Ẹni yẹn jí yín láṣọ." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa òun.

Nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá Wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ bá wọn ti bẹ́ẹ̀dì Màmá dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní àṣà kan tí kì í yẹ̀: kó tó fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀, á gbé ọwọ́ lé iwájú orí onítọ̀hún, á sì bi í léèrè.

"Màmá, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín lónìí?"

"Wọ́n fẹ́ bá mi fọ egbò náà ni. Ọmọ mi ní wọ́n á fọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì, bó o ṣe rí i yìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo máa lè fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì? Mo ti gé aṣọ ìléèwé àwọn ọmọọmọ mi sílẹ̀, rírán ló kù."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé Ìyá Wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. *Wọ́n.* Ọ̀rọ̀ kékeré tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo, òun náà la fi ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọmọ ni nọ́ọ̀sì òru ń wí. Ìyá ni òun gbọ́.

Àkọ́bí Màmá, tíṣà kan tó ga gògòrò, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù lọ bá a.

"Tíṣà, ṣé ẹ sọ fún Màmá pé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ wọn?"

"Sọ kẹ̀? Ẹ ò tíì mọ ìyá yìí. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní gbà, wọ́n á sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo àwa ọmọ ti ṣèpàdé. A ti gbà."

"Ẹ̀yin lẹ gbà."

"Ṣé èmi kọ́ ni àkọ́bí ni?"

Kó tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Ọ̀bẹ, dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà, yọjú, ó ti wọ ìbọ̀wọ́. "Kí ló ń dá yín dúró? Àwọn mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn ẹni yìí."

Bí Ìyá Wọ́ọ̀dù bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Fáìlì ní aláìsàn ti gbà, ẹsẹ̀ náà kò sì dáa. Màmá á jí, á sunkún, á sì gba kádàrá. Orúkọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á sì mọ́ bó ṣe mọ́.

Ó dènà ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo ṣì í gbọ́. Màmá ò mọ̀, Màmá ò sì gbà."

"Ìyá Wọ́ọ̀dù! Ìwọ?"

"Èmi ni, Sà."

"Ẹsẹ̀ yẹn ti kú. Tó bá fi dọ̀la, oró rẹ̀ á ti gòkè. Àwọn ọmọ ti buwọ́ lùwé. Kí la tún ń wá?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ là ń wá, Sà."

Ohùn kan dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Àbí ẹ ti gé etí mi ná ni? Mo kúkú ń gbọ́ yín."

Ọ̀gá Ọ̀bẹ wo Ìyá Wọ́ọ̀dù, ó wo Màmá. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan, ó jókòó títí ojú rẹ̀ fi bá ti Màmá dọ́gba, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó ti wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

"Àádọ́ta ọdún ni mo fi gé aṣọ aláṣọ. N ò ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ẹnì kankan rí láì kọ́kọ́ bi í pé, báwo lo ṣe fẹ́ ẹ? Ẹsẹ̀ mi wá rẹlẹ̀ sí àǹkárá ni?"

"Màmá, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ ò ní gbà."

"Bí n ò bá gbà ńkọ́? Nínú èmi àti ẹ, ta ló bí ẹnì kejì?"

Tíṣà di irin bẹ́ẹ̀dì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá gbá a lọ́wọ́ pẹ́ẹ́, kò sì yọ ọwọ́ náà kúrò mọ́.

"Dókítà, bí n kò bá gé e ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ kan, Màmá. Bóyá méjì."

"Bí mo bá gé e?"

"N ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ti lo ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tirẹ̀, tó ṣì ń bá aládùúgbò jà."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ mú bírò yẹn wá." Ó dìde jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fa ìlà kan yí ojúgun ara rẹ̀ ká. "Ibí."

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Màmá. Ibẹ̀ yẹn ò ní jinná."

Ó wò ó, ó gbé e sókè. "Ó dáa. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an bíi kóòtù yín yẹn o."

Wọ́n mú ìwé tuntun wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Ìyá Wọ́ọ̀dù fi rúlà fa ìlà kan la ohun tó kọ láàárọ̀ já, kò pa á rẹ́. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Ọ̀bẹ ṣòfin pé kò sí nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ fi "wọ́n" jábọ̀ fún òun. Kí oníkálùkù sọ ẹni tó gbà.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gbé obìnrin kan wá sí bẹ́ẹ̀dì kẹjọ. Ó rí bí aṣọ ìbora Màmá ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá! Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni mo gé e. Dókítà kàn bá mi di ọ̀bẹ mú ni. Gbọ́, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ."

Ìyá Wọ́ọ̀dù ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíréè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó nàró síbẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń dúró kí Màmá sọ ọ́ tán.