Èsì Tí Aránṣọ Ò Rí Gbà

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn jẹ́ adití sílẹ̀. “Àwọn ọmọ wa ò gbọ́ ohùn ni,” ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, “wọn kì í ṣe aláìgbọràn.” Bí ẹnìkan bá kọ ímeèlì sí ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì á pín in dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ kọ̀wé pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sétí ọmọbìnrin òun, àyà òun sì ń já. Èsì rọ́ wọlé bí omi. Inú nọ́ọ̀sì dùn, àfi bí aránṣọ ṣe kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì nìkan: “Ẹ yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́, mà. Mo ké, ẹ dákẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n mi, iléeṣẹ́ ímeèlì tí aránṣọ ń lò ló ń dá àwọn èsì padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí káfíńtà inú ẹgbẹ́ yín bá kọ̀wé, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ímeèlì tirẹ̀ wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín wá fi ‘Ẹ kú ìfaradà’ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, òǹtẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi orúkọ káfíńtà ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Kí ni kí ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́ aránṣọ rò?”

“Èmi yìí, pẹ̀lú ewú orí mi, ni wọ́n ń pè ní gbájúẹ̀?”

“Àwọn gbájúẹ̀ ló kó bá yín. Ẹni eji bá leji ń pa.”

Àbúrò rẹ̀ tún un ṣe, kí gbogbo lẹ́tà máa jáde lórúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. “Àmọ́ ẹ ní sùúrù. Ẹgbẹ́ yín kéré, ó máa pẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ímeèlì tó fọkàn tán yín.”

Sùúrù kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ abẹ á dúró ni? Nọ́ọ̀sì tẹ àwọn èsì náà sórí ìwé, ó fi fóònù béèrè ọ̀nà, ó di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni aránṣọ wí, kò gbójú kúrò lára máṣíìnì.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé sórí aṣọ níwájú rẹ̀. Káfíńtà ló kọ ti òkè pátápátá: “Nígbà tí ọmọ tiwa jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó fọwọ́ béèrè omi, ó wá ń bínú pé orí òun wúwo. Ẹ mú aṣọ ìbora tí ọmọ yín mọ̀ dání. Ẹ̀yin náà, ẹ rántí jẹun o.”

Ibi tí aránṣọ ti kan “ẹ rántí jẹun” ni omijé já bọ́. “Mo rò pé ẹ kàn ń wò mí ni, mà.”

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ rí i gbà, àwọn kan bá a láàárín pàǹtí tí ímeèlì wọn ń yà sọ́tọ̀, àwọn díẹ̀ ò sì rí i rárá. Àwọn yẹn ni nọ́ọ̀sì ń pè lórí fóònù, aránṣọ sì ń bá a pè lára wọn.