Ìbọn Oníhò Méje Tí Bàbá Wa Ń Dúró Dè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí. Mo rí bàbá wa tó kú lójú àlá, ó ru ẹrù ọdẹ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọdẹ ń ṣípà rẹ̀, ètùtù tí wọ́n fi ń sin ọdẹ tó kú sọ́nà ọ̀run, wọ́n ní kò lè lọ bí ohun èlò rẹ̀ ò bá pé. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ yẹn ló kù, èyí tó ní ihò ọta méje láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Adìẹ ìyá wa wá ń yé ìbọn sínú agbọ̀n, gbogbo wọn gbóná. Mo ń ti ìka bọ ihò wọn, mo ń kà: mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Mo bú sẹ́kún. Bàbá ní, "Dáúdà, orí mi ń ro mí lábẹ́ ẹrù yìí." Mo la ẹnu kí n jẹ́wọ́ pé mo ti ta ìbọn oníhò méje náà, ni mo bá jí.