Òkúta Kẹjọ ní Wexley

Enid Tapscott fi okùn so etí ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fún un dáadáa, ó sì nà gbalaja sórí koríko tútù níwájú ogójì ènìyàn.

"Ó yá," ó wí. "Ẹ dorí mi kodò."

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Enid. Ivor àti Graham Dunning, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àgbẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọmọ màlúù bí ẹni gbé ìrọ̀rí, wo ara wọn, wọ́n wo Àlùfáà Philippa, wọ́n wá ń wo bàtà wọn.

"Ìyá Tapscott," ni Àlùfáà wí, "ṣé ẹ ò kúkú ní dùbúlẹ̀ báyìí kí ẹ máa wò ó láti ilẹ̀?"

"Mo ti dùbúlẹ̀. Láti Ọjọ́rú tó kọjá ni mo ti ń dùbúlẹ̀ káàkiri pápá yìí bí àgùntàn tó ń ṣàìsàn. Òtútù nìkan ni mo rí he."

Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, kò sẹ́ni tó lè kọ̀ fún un mọ́.

Ní Wexley, ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ìgòkè-re-ọ̀run ni wọ́n máa ń rìn yí ààlà abúlé ká. Òkúta mẹ́sàn-án ni. Bí wọ́n bá dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a fi ẹ̀ka igi wílò nà án, wọn a dorí ọmọ kékeré kan kodò, wọn a sì fi àtàrí rẹ̀ kan òkúta náà jẹ́jẹ́, kí ó lè rántí ibẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní búrẹ́dì olóyin. Ọdún tí Enid pé ọmọ ọdún méje, òkúta kẹjọ ni wọ́n fi orí rẹ̀ kàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, odò kún, ó da ẹrẹ̀ bo òkúta náà, ojú kò sì tún kàn án mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Enid nìkan ló ṣẹ́ kù láyé.

Bóyá wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ń ya àwòrán ilẹ̀ tuntun, akọ̀wé wọn kò sì fi bọpo bọyọ̀: bí òkúta náà kò bá tíì jáde títí di ọjọ́ Ẹtì, odò kékeré ni yóò di ààlà. Odò náà gba iwájú pápá ńlá kọjá, ó wá wọ́ kọ́lọ́kọ́lọ́ gba ẹ̀yìn ilé Enid. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pápá tí àwọn ará Wexley ti ń gé koríko, tí wọ́n ti ń ṣeré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, yóò di ti Pottern, abúlé tó múlé tì wọ́n.

Pottern! Àwọn tó ra agboorùn fún ère koríko tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko, kí òjò má baà pa á. Enid ti sọ ìtàn yẹn nígbà àìmọye, adùn rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń gbé ọ̀pá aṣáájú níwájú ìrìn ààlà. Ẹni tó bá ń sùn nínú ààlà Wexley nìkan ló lè gbé ọ̀pá náà. Enid fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ lọ, kò sì fi í pamọ́ fún wọn.

Clifford Sealey, olórí àwọn ará Pottern, ti gbé àpótí kan wá láti wòran. Ẹgbẹ́ ni òun àti Enid. Ó di ife ọtí èso ápù mú, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀.

"Ẹ má gbọ̀n ọ́n jù o!" ó ké sí àwọn Dunning. "Bí eyín rẹ̀ bá já bọ́ síbí, ti Pottern ni!"

"Máa mu ọtí ẹ, Clifford!" Enid ti wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wo sánmà.

Ẹ̀jẹ̀ rọ́ wọ orí rẹ̀. Koríko di àjà, àwọsánmà di ilẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn lójijì, irú ìdùnnú tí kò bá pàdé láti ìgbà tó ti ń gun igi. Ohun tó rántí nípa ọjọ́ tí wọ́n fi orí rẹ̀ kan òkúta kò pọ̀: ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rọ̀ láàárín igi óákù méjì, bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Ní báyìí, igi óákù kan bo ilé ìṣọ́ náà pátápátá.

"Ẹ gbé mi sọ́tùn-ún."

Wọ́n gbé e.

"Ọ̀tún tèmi ni mo wí!"

"Èwo ni ọ̀tún yín báyìí, Ìyá?" Ivor ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọwọ́ tí mo fi ń gbá ẹ létí nígbà tó o wà ní kékeré!"

Kíá ni Ivor yí padà. Wọ́n ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, èrò ń tẹ̀ lé wọn, ajá ń gbó, títí ilé ìṣọ́ náà fi yọ kúrò lẹ́yìn igi, tó sì bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì gẹ́lẹ́.

Ó la ẹnu láti ké. Ìgbà yẹn ló rí ihò èéfín ilé ara rẹ̀.

Láti òkúta kan sí èkejì, tààrà ni ààlà máa ń lọ. Láti òkúta keje dé ibi tí wọ́n gbé e dúró sí yìí, yóò gba ẹ̀yìn pápá kọjá, gbogbo pápá á sì jẹ́ ti Wexley, láìku ibì kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ibẹ̀ lọ síbi òkúta kẹsàn-án lẹ́bàá afárá, iwájú ilé Enid ni yóò gbà. Ilé rẹ̀ á bọ́ sóde. Bó bá dákẹ́, odò á di ààlà, pápá á lọ, òun á sì dúró. Bó bá sọ̀rọ̀, pápá á dúró, òun á lọ sí Pottern, pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀, ìkòkò tíì rẹ̀ àti adìyẹ rẹ̀ mẹ́fà.

"Ṣé kò sí níbí ni, Ìyá?" Graham bi í.

Enid ronú nípa ọ̀pá náà. Ó ronú nípa rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ojú sì tì í.

"Ibí ni," ó wí. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Kò jìn. Ṣọ́bìrì kan òkúta, ó dún gbì, ariwo sì ta. Àwọn èèyàn ń di mọ́ra, Àlùfáà Philippa ń fò sókè tòun ti bàtà rọ́bà, ẹnì kan ń da ọtí ápù sí ẹni ẹlẹ́ni lórí. Wọ́n fi omi fọ òkúta náà, lẹ́tà W ìgbàanì sì yọ, ó ti jẹ tán bí etí ọṣẹ.

Clifford nìkan ni kò pariwo. Ó wo òkúta, ó wo afárá, ó wo ilé.

"Enid," ó wí. "Ilé ẹ."

Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn rí i, ariwo sì rọlẹ̀.

"A lè sún un díẹ̀," Graham sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló máa mọ̀?"

"Fọwọ́ kan òkúta yẹn, Graham Dunning, kí n fi ọ̀pá yìí là ẹ́ lórí!" Ó ti gbé ọ̀pá náà sókè kó tó rántí pé kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé e mọ́. Ó rọra gbé e lé Àlùfáà lọ́wọ́. Ó dùn ún gan-an. Síbẹ̀ ó wo pápá náà, tó gbòòrò, tó kún fún òdòdó, tí àwọn èèyàn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí rẹ̀, kò sì rí ohun tí ó lè kábàámọ̀.

Clifford lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí òkúta, orúnkún rẹ̀ ń dún. "Àwa ò rìn yí ààlà tiwa ká láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òkúta wà mọ́, tó lè ṣáájú wa."

"Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Òkúta kan náà ni, láti ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà títí dé..."

Enid fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn òkúta náà, ó ń gbá ẹrẹ̀ kúrò. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, kò wo ẹ̀yìn ìkankan nínú àwọn òkúta ààlà rí. Lẹ́tà P kan, ti Pottern, wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ nà án láti ayébáyé, etí rẹ̀ sì mú ṣáṣá bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

"Ó mà dára o," Enid wí, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é.

Clifford na ẹ̀ka wílò kan sí i. Ó gbà á, ó yí lọ sápá ti Pottern, ó sì na òkúta náà.