Ayé Tí Kò Ní Oòrùn

Ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kún ojú òkun Àpápá bí eṣinṣin orí ẹran ni bàbá mi, Àjàmú, gbọ́ lórí rédíò pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ayé kan wà lójú ọ̀run tí kò ní oòrùn, tí wọ́n kàn ń rìn kiri nínú òkùnkùn. Ohun tí rédíò sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ló fi ìyókù sí i. Ó ní ọ̀kan ti ń bọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò kọlu ayé tiwa, Àlùkìyámọ̀ dé nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Tonbra, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ tó ń ru sìmẹ́ńtì ní wọ́ọ̀fù, fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ, n kò fi bò fún ẹnikẹ́ni. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá mi ní kì í ṣe Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Tonbra bá tọ Ààfáà Sàídù lọ, ó kọ́ àlùwàlá. Ìgbà tí àwáwí tán ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ parẹ́.

Kò sẹ́ni tó sá ní Olódì, àdúgbò wa. Wọ́n ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Uche, mẹkáníìkì tó ń tún lọ́rì bàbá mi ṣe, tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ayé yẹn go join queue o! Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tó wà níta ò tíì ríbi gúnlẹ̀, òun wá fẹ́ fò wọlé?"

Lọ́jọ́bọ̀, Tonbra wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi lójú gbogbo àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Kó àwọn èèyàn ẹ wá ní Sátidé," ni bàbá mi wí. "Tí oòrùn bá yọ, mo fún ẹ lọ́mọ."

Àwọn dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Tonbra kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ní Jímọ̀, bàbá mi kírun, ó jẹ ẹ̀bà, ó sùn, ó sì ń hanrun. Ẹni tí ayé rẹ̀ fẹ́ parẹ́ kì í hanrun bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, oòrùn yọ ganran-ganran. Tonbra dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti obì. Àwọn dírẹ́bà náà dé, wọn kò ní jẹ́ kó kọjá wọn. Bàbá mi nìkan ni kò jáde. Mo bá a nínú yàrá, ó kọjú sí ògiri. Inú bí mi gan-an.

"Bàbá, oòrùn ti yọ o. Ẹ jáde!"

"Ayé yẹn ṣì wà lórí láìnì," ó ní. "Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ló dí i lọ́nà."

"Ẹ má fi mí ṣeré! Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí."

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi àti òun nìkan la wà nínú ilé yẹn.

"Ìyá ẹ lọ, mo gbà fún Ọlọ́run," ó ní. "Tí ìwọ náà bá lọ, Àmínát, èmi ni màá máa rìn kiri nínú òkùnkùn."

Ìbínú mi tán pátá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jókòó tì í.

"Bàbá, Boundary tó wà nítòsí yìí là ń lọ. Kì í ṣe ojú ọ̀run. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù."

"Ọbẹ̀ ta ni?"

"Ọbẹ̀ tí mo bá sè fún yín ni."

Ó dìde, ó wá fìlà rẹ̀, ó dé e. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn níta pé ayé ò parẹ́ mọ́.